i7 ìran keje àbí i5 ìran kẹjọ: èwo ló yá jù, èwo ló ń jẹ iná jù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìnáwó ni mò ń yà, Abẹ́òkúta ni mo wà, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbà. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe editing ti kú pátápátá, mo wá lọ sí Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà lọ́sẹ̀ tó kọjá láti lọ wo tòkunbọ̀. Méjì ni mo fojú sí, HP EliteBook 840 G4 tó ní pùrósẹ́sọ̀ (ọpọlọ láptọ́ọ̀pù) Intel i7-7600U nínú, àti 840 G5 tó ní i5-8350U. RAM wọn ò yàtọ̀, 16GB, SSD wọn náà bákan náà. Ẹni tó ń tà á ní i7 ló lágbára jù, pé i5 ò lè bá i7 fà á láéláé, owó i7 náà ló sì wọ́n díẹ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n mú i5, àmọ́ tí mo bá bi í pé kí ló dé, á kàn ní "ṣáà mú un." Mo tún wá wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, 15 wáàtì ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì, ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé bákan náà ni wọ́n á ṣe máa jẹ iná? Mo ń béèrè torí pé ínfátà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lóru, bátìrì ẹyọ kan péré, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn kí n má lọ fowó jóná.

Ayafídíò, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ló rí i, i5 yẹn ni kí o mú. Mo mọ̀ pé ó máa dà bí ìgbà tí mo ní kí o fi màlúù sílẹ̀ kí o mú ewúrẹ́, àmọ́ fara balẹ̀ kí n tú u fún ẹ, kí ìwọ náà lè rí nǹkan sọ tí ẹlòmíì bá bi ẹ́, kó má jẹ́ "ṣáà mú un" nìwọ náà á máa wí.

Èmi fúnra mi ti jìn sí kòtò yẹn rí. i7 ìran keje ni mo rà, mo gbé e délé, mo ń fi yangàn. Ọjọ́ tí mo wá gbé fídíò tó tó wákàtí kan lé e lórí kó bá mi render ẹ̀ (kó sọ ọ́ di fáìlì kan tó ti parí), mo jẹun, mo wẹ̀, mo sùn, mo jí, kò tíì parí, fáànù ẹ̀ ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Àbúrò mi gbé i5 tiẹ̀ wá, èyí tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ yìí, fídíò kan náà, ó parí kí tèmi tó parí, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo fẹ́ gbójú sí. Àtìgbà yẹn, tí mo bá ti gbọ́ i7, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Torí pé i7 àti i5 yẹn, oyè inú ilé ni. i7 ìran keje ga ju i5 ìran keje lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, i7 ìran kẹjọ náà ga ju i5 ìran kẹjọ lọ. Àmọ́ tí o bá ti mú i7 ilé kan wá síwájú i5 ilé kejì, oyè yẹn ò jẹ́ nǹkan kan mọ́, àfi bí ìgbà tí baálẹ̀ abúlé kan dé ìlú ẹlòmíì tó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún òun. 7600U, 7 tó ṣíwájú yẹn ni ìran ẹ̀. 8350U, 8 ni. U tó wà nídìí àwọn méjèèjì ń sọ fún ẹ pé pùrósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n, èyí tí wọ́n ṣe kó má jẹ iná púpọ̀.

Wàyí o, kí ló wà nínú wọn? i7-7600U jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, core (òṣìṣẹ́ inú pùrósẹ́sọ̀) méjì péré ló ní, cache ẹ̀ (ibi ìpamọ́ kékeré tó wà nítòsí ọwọ́ wọn) 4MB, eré ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2.8GHz, ó lè sá dé 3.9GHz. i5-8350U, oṣù kẹjọ 2017 yẹn kan náà ni Intel kéde ìran ẹ̀, ọjọ́ 21, ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú l'Amẹ́ríkà gan-an, core mẹ́rin ni tiẹ̀ ní, cache 6MB, eré ẹ̀ láti 1.7GHz dé 3.6GHz. Àwọn méjèèjì, ọ̀nà 14nm ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ilé iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà, 15 wáàtì kan náà, àmọ́ òṣìṣẹ́ inú ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Fún ọdún gbọọrọ, core méjì ni Intel ń fún irú láptọ́ọ̀pù U yìí, ì báà jẹ́ i5, ì báà jẹ́ i7, a kàn ń sanwó orúkọ ni. Lójú tèmi, AMD, iléeṣẹ́ tó ń bá Intel du ọjà, tó gbé pùrósẹ́sọ̀ Ryzen jáde lóṣù kẹta 2017 pẹ̀lú core rẹpẹtẹ ló lé wọn dìde níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹni tí kò bá rí ẹni bá a du ọjà, iye tó bá wù ú ló máa tà á.

Ibi tí àwọn ontajà ti máa ń fẹ̀rù ba èèyàn ni 2.8 àti 1.7 yẹn. Wọ́n á ní ṣé o rí i, 2.8 ju 1.7 lọ fíìfíì. Àbúrò, 1.7 yẹn ni eré tí Intel ṣèlérí pé kò ní lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń ṣiṣẹ́ àṣekára pẹ̀lú 15 wáàtì, lójoojúmọ́ ó máa ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa tí ara ẹ̀ bá tutù. Ká tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló rí, wò ó báyìí: o fẹ́ kó igba búlọ́ọ̀kù lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. O lè gba lébìrà méjì tó ń sáré, o lè gba mẹ́rin tó ń rìn. Àwọn méjì yẹn á làágùn bí ẹni tí òjò pa, wọ́n á mumi, wọ́n á ní kí o fún àwọn lówó ẹ̀bà sí i, torí eré ló ń tán èèyàn lókun. Bó ṣe rí nínú pùrósẹ́sọ̀ náà nìyẹn. Tí o bá fẹ́ kí core kan sáré sí i, àfi kí o fi fólítéèjì kún un, iná tó máa jẹ sì ń gun òkè ju fólítéèjì fúnra ẹ̀ lọ, torí fólítéèjì lọ́nà fólítéèjì ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Fi 10% kún fólítéèjì, iná ti fi 21% lọ sókè, o ò tíì ka eré tó sá kún un mọ́ ọn o. Ìdí nìyẹn tí core mẹ́rin tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ fi lè ṣe iṣẹ́ tó ju ti core méjì tó ń sáré àsápajúdé lọ lórí iná kan náà.

Ọ̀rọ̀ 15 wáàtì tó da ọkàn ẹ láàmú yẹn wá nìyí. Kì í ṣe iná tí láptọ́ọ̀pù ẹ máa jẹ nìyẹn. Ooru tí fáànù àti irin tó wà lórí pùrósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ lè kó jáde nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo fún ìgbà pípẹ́ ni Intel ń sọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè fò kọjá 15 lọ sí 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó balẹ̀, tí o bá sì kàn ṣí i sílẹ̀ tí o ń wò ó, ó lè má tó wáàtì méjì. Torí náà bí wáàtì wọn ṣe bára mu lórí bébà ò sọ pé owó iná wọn bára mu, ohun tó kù láti béèrè ni pé ìgbà wo ni iṣẹ́ máa parí.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni o, má lọ bá mi jà sí i. Ká ní fídíò ìgbéyàwó kan gba i7 yẹn ní wákàtí kan, kí i5 parí tiẹ̀ ní 40 ìṣẹ́jú. Pùrósẹ́sọ̀ ń jẹ 15 wáàtì nínú àwọn méjèèjì, ojú láptọ́ọ̀pù àti àwọn nǹkan tó kù ń jẹ 6. i7 ti jẹ 21 wáàtì-wákàtí (wáàtì lọ́nà wákàtí tó fi ṣiṣẹ́) kó tó parí, i5 jẹ 14. Bátìrì inú EliteBook yẹn, tó bá ṣì wà ní tuntun, nǹkan bí 50 wáàtì-wákàtí ni. Bátìrì kan, i7 á ṣe fídíò méjì fún ẹ, ó kú sórí ìkẹta. i5 á ṣe mẹ́ta, ó tún kù díẹ̀ tí o fi máa gbé e sórí WhatsApp fún ìyàwó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ṣíṣọ́ iná lò.

Àmọ́ kí n má tàn ẹ́, lójú ínfátà ẹ, 7 wáàtì-wákàtí tí i5 fi dín sí i7 yẹn kò pọ̀. Bátìrì 12V 200Ah, 2,400 wáàtì-wákàtí ló wà nínú ẹ̀ lórí ìwé, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń bu omi sí, ìdajì ẹ̀ ni o yẹ kó o máa lò kó má tètè kú. Fáànù onídùúró tó ń fẹ́ sí ẹ lára lóru ń jẹ ju láptọ́ọ̀pù lọ. Ínfátà fúnra ẹ̀ náà ń jẹ iná bó ṣe wà ní títàn, kódà tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Èrè tó o máa jẹ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ á tètè parí, wà á pa gbogbo ẹ̀, wà á lọ sùn.

Ohun kan tún wà tí mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé, torí iṣẹ́ fídíò lò ń ṣe. Tí o bá ń lo hardware encoding nígbà tí o bá ń gbé fídíò jáde, inú gíráfíìkì (apá tó ń bójú tó àwòrán nínú pùrósẹ́sọ̀) niṣẹ́ yẹn ń lọ, gíráfíìkì àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì, HD 620 ni wọ́n pe ti i7, UHD 620 ni wọ́n pe ti i5, U kan ni wọ́n fi kún un. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ wọn á dín kù. Kò ní tán o, torí àwọ̀ tí o ń tún ṣe, ọ̀rọ̀ tí o ń kọ sójú fídíò àti ọ̀pọ̀ effect yẹn, core náà ló ń ṣe wọ́n, níbẹ̀ i5 á ṣì máa fọwọ́ gbá i7 sẹ́yìn. Tó bá wá jẹ́ pé Word lo kàn fẹ́ ṣí, tàbí ojú ewé kan lórí Chrome, i7 lè yá díẹ̀ jù, torí core kan ṣoṣo ló ń ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yẹn, 3.9 sì ju 3.6 lọ. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé i5 ìran kẹjọ na i7 ìran keje níbi gbogbo, àsọdùn ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ Windows náà wà níbẹ̀. Microsoft ò fọwọ́ sí Windows 11 fún i7-7600U, ìran kẹjọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú Windows 10 sì ti parí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Àwọn ọmọ ọjà lè fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ẹ̀ fún ẹ, á sì ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ò jẹ ẹ́ ní gbèsè tó bá dìdàkudà. Tìtorí èyí nìkan, mi ò rí ìdí tí wọ́n fi máa gbowó tó pọ̀ jù lórí G4.

Tí o bá padà dé Ọ̀tìgbà, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, lọ sí Performance, tẹ CPU, orúkọ pùrósẹ́sọ̀ á hàn lókè, iye core á hàn nísàlẹ̀, tó bá ní 2, jọ̀wọ́ ẹ̀. Má sì fi orúkọ ara láptọ́ọ̀pù ṣe ẹ̀rí, torí 840 G5 míì wà tó jẹ́ ìran keje ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí Command Prompt, tẹ powercfg /batteryreport, ó máa kọ iye tí bátìrì jẹ́ nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó kù báyìí sínú fáìlì kan, kí o fi wọ́n wéra. Tí wọ́n bá gbà fún ẹ, jẹ́ kó ṣe Cinebench, ètò tí wọ́n fi ń dán agbára pùrósẹ́sọ̀ wò, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o máa wo GHz ẹ̀. Tòkunbọ̀ tí eruku ti di fáànù ẹ̀, tí òróró tútù (thermal paste) tó wà lórí pùrósẹ́sọ̀ ti gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì á jábọ́ wálẹ̀ gbì, ooru ló ń dá a dúró. i5 tó gbóná bẹ́ẹ̀ ò ní sàn ju i7 tó tutù lọ. Fífọ fáànù àti fífi òróró tuntun sí i kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, kí o fi kún ohun tí o máa ná an mọ́ wọn lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, èmi ní tèmi i7 ni mo fẹ́, mo rí i7-7700HQ, ẹni tó ní i ní core mẹ́rin ni. Ṣé òun náà ò ní lu i5-8350U báyìí? AutoCAD àti SketchUp ni mò ń lò níléèwé.

Ọmọ Architecture, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Á lù ú. Òótọ́ lẹni yẹn sọ, core mẹ́rin ni, ìran keje ni lóòótọ́ àmọ́ HQ ni, 45 wáàtì ni wọ́n yọ̀ǹda fún un, ìlọ́po mẹ́ta tàwọn U yẹn. Tí iṣẹ́ bá wúwo tó sì pẹ́, á yá ju i5-8350U lọ, kì í ṣe pé òun ló mọ iṣẹ́ jù o, oúnjẹ ló ń rí jẹ jù. Gbé 45 wáàtì sórí bátìrì láptọ́ọ̀pù kí o wò bó ṣe máa pẹ́ tó, àti pé púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tó ní HQ tún ní gíráfíìkì ọ̀tọ̀ nínú, tí ìyẹn náà ń jẹ tiẹ̀. Fún SketchUp ṣá, gíráfíìkì ọ̀tọ̀ yẹn ló máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ jù. Tí iná họ́sítẹ́ẹ̀lì yín bá dáa, tó jẹ́ pé orí tábìlì ló máa ń wà, mú un. Tó bá jẹ́ pé inú àpò lo máa máa gbé e lọ kíláàsì, ṣájà ẹ̀ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, má dán an wò. Òun náà ò sì sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí, láptọ́ọ̀pù mi ní i5-6300U nínú. Ìwé kíkọ, YouTube díẹ̀, Zoom lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo ń fi ṣe náà nìyẹn. Bátìrì ẹ̀ ò pé wákàtí kan mọ́. Ọmọ mi ní kí n tà á, kí n ra ìran kẹjọ, pé ìyẹn ń ṣọ́ iná lò. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ fi owó yín sápò ná. Ọmọ yín ò parọ́, àmọ́ iṣẹ́ tí ìran kẹjọ ti ń fakọ yọ kọ́ lẹ̀ ń ṣe. Tí ẹ bá ń kọ ìwé, pùrósẹ́sọ̀ tiyín ń tòògbé lákòókò tó pọ̀ jù, ti ìran kẹjọ náà á máa tòògbé ni, ojú láptọ́ọ̀pù tó mọ́lẹ̀ yẹn ló ń jẹ iná ju òun lọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù sí ìdajì lóru, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Bátìrì tí ò pé wákàtí kan, ó ti gbó ni, pùrósẹ́sọ̀ kọ́ ló ṣe é.

Ibi tí tiyín ti ń jìyà ni YouTube àti Zoom. Ìran kẹfà ò ní ẹ̀rọ tó pé fún irú fídíò VP9 tí YouTube ń gbé jáde, ìran keje ló kọ́kọ́ ní i, torí náà àwọn core méjì tiyín ló ń fọwọ́ ara wọn tú púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 480p, ojú yín ò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀ lórí skrín kékeré. Lórí Zoom, ẹ pa àwòrán ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń fi bo inú ilé yẹn, ẹ lọ jókòó síwájú ògiri tó mọ́ dípò ẹ̀, àwòrán yẹn ló ń jẹ pùrósẹ́sọ̀ yín lágbára jù.

Ẹ wo ohun tí mo sọ fún ẹni Abẹ́òkúta lókè nípa Windows 10, ó kàn yín náà. Tó bá jẹ́ pé báńkì lẹ̀ ń wọ̀ lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé Linux Mint sí i fún yín dípò Windows, ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹ wá ra bátìrì tuntun. Ayédèrú ló kún ọjà, wọ́n á lẹ orúkọ tuntun mọ́ èyí tó ti gbó, torí náà kí ọmọ yín tẹ powercfg yẹn lójú ẹni tó ń tà á, kó tó gbé Linux sí i, kí ẹ tó sanwó.